Àtẹ́wọ́ Tí Wọ́n Ń Pa fún Àbúrò Mi

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àbójútó àwọn adìyẹ, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Láti Ikpoba Hill níbí ni mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹrẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, kí Olúwa bá wa dá wọn sí. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń fi àdúrà gbé wa ró. Mo kí ará ilé, mo kí ará ìta. Mo kí Àǹtí Ìbíyẹmí, àbúrò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló mú mi gbé gègé lónìí.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni ẹ ti ń ka lẹ́tà yìí, dípò kí n fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa mi, ìta gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́. Àǹtí Ìbíyẹmí dìde nínú ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, wọ́n ní èmi Múyìíwá, àkọ́bí yín, fi ìwé ọ́fíìsì gba oúnjẹ lẹ́nu Délé àbúrò mi, wọ́n ní owú ni mò ń jẹ. Ẹ̀yin náà fi ohùn yín ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ohùn náà kò gùn. Ẹ ní ṣé èmi ni mo wá fẹ́ dá àbúrò mi padà sínú ọtí. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, n kò lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Apá kan òótọ́ wà nínú ohun tí Àǹtí Ìbíyẹmí sọ. Mò ń jowú. N kò ní sẹ́ ẹ lójú gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n owú nìkan kọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi etí ìyá gbọ́ ọ.

Ẹ ti bi mí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní Benin. Mo máa ń dáhùn pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni, torí ó ṣòro láti ṣàlàyé lórí fóònù. Ṣé ẹ rántí ọkùnrin tó gbé oúnjẹ adìyẹ tuntun wá, tó ní adìyẹ tó bá jẹ ẹ́ yóò máa yé ẹyin bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀? Ẹ kò bá a jà, ẹ kò sì gbà á gbọ́. Ẹ pín àwọn adìyẹ sí méjì, ẹ fún apá kan ní tuntun, ẹ fún apá kejì ní èyí tí wọ́n ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, ẹ wá ń ṣa ẹyin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí oṣù parí, ẹ dá àpò ọkùnrin náà padà fún un, ẹ ní kó máa lọ ní àlàáfíà. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, Màámi. Àwọn kan á gbé ètò kalẹ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ jìnnà sí ọtí àti oògùn olóró. Àwọn mìíràn á fi owó tì wọ́n lẹ́yìn. Ọ́fíìsì wa ló máa ń lọ wò ó bóyá ẹyin ń bọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, tàbí ariwo lásán ni.

Benin gbà mí, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Òjò ibí lè bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kó má dá títí ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ pupa á sì máa ṣàn lọ sódò bí epo tó dànù. Àwọn ará ibí ń kí mi ní kóyo, èmi náà ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ó lọ́jọ́ tí Yorùbá máa ń há mi lọ́fun. Yàtọ̀ sí ìyàwó mi àti àwọn ará ìjọ, n kò rí ẹni bá sọ ọ́. Bí mo bá fi Yorùbá bá Ìbùkún ọmọ-ọmọ yín sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Pijin ló fi ń dá mi lóhùn. Mo lè bi í pé ṣé ó ti jẹun, á ní, Dádì, I don chop. Ó ti ń di ọmọge, ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì ń wà ní títì ju kó wà ní ṣíṣí lọ.

Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni Délé dé bá wa. Ẹ̀yin mọ ìtàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí lókèèrè lè má mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mutí nígbà tó wà ní pólì. Láti inú ọtí ó bọ́ sínú igbó, láti inú igbó ó bọ́ sórí oògùn oníhóró. Ó ta jẹnẹrétọ̀ bàbá wa, ó sì sá nílé. Nígbà tí bàbá kú, a kò mọ ibi tí a ó ti wá a. Èmi ni mo sin bàbá. Nígbà tó yá, Ọlọ́run bá wa ṣe é, ó rí ìtọ́jú gbà nílé ìwòsàn, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. A yọ̀. Èmi náà yọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò yọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wálé ní Ọdún Àjíǹde, mo bá fọ́tò Délé lókè tẹlifíṣọ̀n yín, ó di máìkì mú, ó la ẹnu gbàgà. Ibẹ̀ ni fọ́tò ìgbà tí mo gboyè jáde wà tẹ́lẹ̀. Mo wá tèmi títí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó lọ sí yàrá tí ẹ ń kó gààrí sí ni mo ti bá a. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní fọ́tò Délé dára. Màámi, kò dára lójú mi. N kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé mi. Ta ni yóò ya ẹni tí kò mutí rí ní fọ́tò? Kò sí bí wọ́n ṣe ń ya ohun tí kò ṣẹlẹ̀.

Ètò kan tí wọ́n ń pè ní No Taste Am, ìyẹn ni pé má tọ́ ọ wò, ló gbé Délé wá sí Benin. Wọ́n ń kiri ilé ìwé àti họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó gun orí pèpéle, kó sọ ìtàn ayé rẹ̀. Wọ́n ń san owó tó dára fún un, ó sì ń fi nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sílé. Ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta wa ti mọ orúkọ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń ra káàdì níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, Ọ̀gá lásán ni wọ́n ṣì ń pè mí. Ní ìjọ, èmi ni mo máa ń to àga, èmi ni mo máa ń tan jẹnẹrétọ̀ bí iná bá lọ. Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ tí Délé wá, wọ́n kí i káàbọ̀. Nígbà tí èkejì fi máa dé, pásítọ̀ ti gbé máìkì lé e lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí n bá a di báàgì rẹ̀ mú.

Mo dì í mú. Báàgì náà wúwo.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n ní kí ọ́fíìsì wa lọ yẹ No Taste Am wò. Mo sọ fún ọ̀gá mi, Màdáàmù Osarugue, pé àbúrò mi wà nínú ètò náà. Ọmọ Benin ni wọ́n, obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ní mo ṣe dáadáa tí mo sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn fúnra àwọn ni yóò bá àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbọ́ ìtàn Délé sọ̀rọ̀, kí èmi lọ bá àwọn tí ètò náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, kí a wá fi ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì wé ara wọn. Wọ́n ní kí n kàn wá wo ìpàdé kan, kí n lè mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ekosodin ni ìpàdé náà, ládùúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Gbọ̀ngàn kún, àwọn kan ń yọjú lójú fèrèsé. Délé gun orí pèpéle pẹ̀lú bàtà funfun. Ó fa ọtí inú ọ̀rá kan yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e sókè, gbogbo ilé na ọrùn wò ó. Pijin ló fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ó sọ bí ọtí ṣe máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun, tí ara á wá fúyẹ́ bí ẹni pé gbogbo gbèsè ayé ti tán. Ó sọ nípa ògógóró tí wọ́n rẹ igbó sí, tí àwọn ọ̀dọ́ ibí ń pè ní mọ́ńkì téèlì. Ó sọ bí òun ṣe jí ní Port Harcourt láìsí bàtà lẹ́sẹ̀, tí òun kò sì mọ ẹni tó gbé òun débẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ nípa ikú bàbá wa, bí òun ṣe délé nígbà tí sìmẹ́ǹtì orí sàréè ti gbẹ. Àwọn ọmọbìnrin ń nu ojú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló sin bàbá, ó sì nawọ́ sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́yìn. Gbogbo wọn yíjú. Wọ́n wò mí bí ẹni wo aago ara ògiri, wọ́n sì yíjú padà sí i.

Màámi, èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo mọ bí ilẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà, èmi ni mo di yín mú kí ẹ má bàa ṣubú. Nínú ìtàn tó fi ń pa àwọn ọmọ ọlọ́mọ lẹ́kún, gbólóhùn kan péré ni mo jẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń pa á, àyà mi ló ń dún sí. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá mi, òógùn bò ó, ó bi mí pé, Bùrọ̀dá, báwo lẹ ṣe rí i? Mo ní ó gùn díẹ̀.

Nígbà tí oṣù mélòó kan ti kọjá, Màdáàmù Osarugue padà lọ bá àwọn tó gbọ́ ọ, ní Ekosodin àti níbòmíràn. Wọ́n bá wọn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n lè sọ òtítọ́. Èmi náà lọ bá àwọn tí kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ tí a parí, a jókòó sínú mọ́tò ọ́fíìsì, òjò ń lu orí rẹ̀, wọ́n sì sọ ohun tí àwọn bá pàdé fún mi.

Wọ́n ní kò sí ẹni tó gbàgbé Délé. Wọ́n lè sọ ìtàn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, títí kan bàtà tó sọnù ní Port Harcourt. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó gbọ́ ọ ṣe ń mu ni àwọn tí kò gbọ́ ọ ṣe ń mu, kò sí ìyàtọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ló fi àwọn lọ́kàn balẹ̀. Ọmọkùnrin kan sọ pé, Uncle Délé try everything, e still come out fine, dem even give am work. Ohun tó ń sọ ni pé kò sóhun tí Délé kò mu tán, síbẹ̀ ó jáde ní àlàáfíà, wọ́n tún fún un níṣẹ́, kí wá ni àwọn yóò máa bẹ̀rù? Nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n pé bí ọ̀rẹ́ bá gbé ife lé wọn lọ́wọ́, kí ni wọ́n máa sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn wo ilẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. N kò mọ̀ pé mò ń kọ ọ́. Orin ọpẹ́ ìjọ wa ni, mò ń kọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, mo sì ń fi ìka lu orúnkún. Màdáàmù Osarugue wò mí, wọ́n ní kí ni mò ń dúpẹ́ lé lórí. Mo ní nítorí òjò tó ti dá ni. Òjò kò tíì dá.

Wọ́n wá ní ó ku ibì kan. Ní Siluko Road, níbi tí wọ́n ti ń lu ara mọ́tò tó tẹ̀, No Taste Am ti fẹ́ ṣe ìpàdé kan fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Òjò ba ẹ̀rọ jẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí máìkì, kò sí pèpéle. Àwọn tó kù nínú ètò náà wọ mọ́tò lọ, ṣùgbọ́n Délé jókòó sábẹ́ páànù pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà. Kò sọ ìtàn kankan. Ó ń bi wọ́n léèrè ni: ibo lẹ ti ń mu ún, ta ló ń gbé e wá, kí lẹ máa ń sọ nígbà tí ẹ kò bá fẹ́? Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi òun dánra wò. Òun á ṣe bí ọ̀rẹ́ tó gbé ọtí dé, á bẹ̀ wọ́n, á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, á bínú, àwọn á sì máa wá bí wọn yóò ṣe kọ̀ ọ́ láìsí ìjà. Láti ọjọ́ náà, fúnra rẹ̀ ló ń padà lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Màdáàmù Osarugue ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ló ti dín ọtí kù, àwọn mìíràn ti fi í sílẹ̀ pátápátá.

Mo ní ìyẹn kò yẹ kó wọ inú ìjábọ̀ wa. Mo ní àwọn tí a bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kéré jù, pé bóyá ọ̀gá wọn le ni, bóyá wọn kò lówó ọtí. Òótọ́ ni mo sọ, Màdáàmù Osarugue sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ní ohun kan ń ya àwọn lẹ́nu. Wọ́n ní nígbà tí àwọn mú ọ̀rọ̀ burúkú nípa Délé wá, n kò béèrè pé èèyàn mélòó ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere dé, mo wá mọ ìṣirò.

Mo wo omi tó ń sáré lójú dígí. Mo ní ẹ jẹ́ kí a kọ méjèèjì sílẹ̀. Bí a ṣe kọ ọ́ nìyẹn. A kọ pé ìpàdé ńlá oníìtàn kò dín ọtí kù, kí wọ́n dá a dúró. A kọ pé ìjókòó kékeré ti Siluko Road ṣe dáadáa, pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, pé a kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbìyànjú rẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tó di pé àwọn tó ni ètò náà ti gba ìjábọ̀, èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́ fún Délé, ní pálọ̀ wa, kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde. Ó wọlé, ó kó ẹrù rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi fún oúnjẹ, ó sì jáde. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́ láti ìgbà náà. Lẹ́yìn èyí ni ohùn yín dé, lẹ́yìn èyí ni Àǹtí Ìbíyẹmí sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ìbùkún bi mí nílé pé, Dádì, na you pursue am? Ó ń béèrè bóyá èmi ni mo lé e lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nìyẹn tí ọmọ náà wò mí lójú, ìbínú ló sì fi wò mí.

Ẹ̀rù bà mí ju bí ẹ ti rò lọ. Mo lọ sí Ekosodin, mò ń yọjú sí àwọn ilé ọtí tó wà níbẹ̀, mò ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Kí ènìyàn máa wá ẹnì kan, kó sì máa gbàdúrà pé kí òun má rí i níbi tí òun ti ń wá a! Mo rin ẹrẹ̀ títí bàtà mi fi ya. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, mo wọ mọ́tò lọ sí Siluko Road.

Abẹ́ páànù ni mo ti bá a. Ó jókòó sórí ìjókòó mọ́tò tí wọ́n tú sílẹ̀, òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ ń jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ mọ́. Mo sún mọ́ ọn kí n lè gbóòórùn ẹnu rẹ̀, ó mọ ohun tí mò ń ṣe, ó mí sí mi lójú. Ẹ̀wà ni mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kí n jókòó.

Ó ní òótọ́ ni mo kọ. Ó ní òun ti mọ̀ pé àtẹ́wọ́ yẹn kì í gbé ẹnikẹ́ni délé. Ó wá ní, ṣùgbọ́n Bùrọ̀dá, inú yín ń dùn nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ fún mi, mo rí ojú yín. Mo wo ẹ̀wà inú abọ́ rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà náà ló sọ èyí tí n kò mọ̀. Ó ní kò sí ọjọ́ tí òun sọ ìtàn náà tí adùn ọtí kì í padà sí òun lẹ́nu. Ó ní bí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ tán, tí gbọ̀ngàn ṣófo, á ku òun àti ọtí inú ọ̀rá tó wà lápò òun. Ó ní ọjọ́ kan òun ti fi eyín fa etí ọ̀rá náà ya kí òun tó dà á sílẹ̀. Òun kò lè sọ fún àwọn tó gbà òun síṣẹ́, torí ẹni tó ti bọ́ ni wọ́n ń san owó fún. Òun kò sì lè sọ fún ẹ̀yin, torí ayọ̀ yín pọ̀ jù, ẹ̀rù ń ba òun láti bà á jẹ́. Òun ló ní kí n kọ ọ́ sínú lẹ́tà yìí. Ó kà á ṣáájú yín, ó tilẹ̀ tún àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ kan ṣe fún mi níbi tí mo ti ṣì í.

Ẹ má rò pé ìyẹn dá mi láre. N kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń kọrin nínú mọ́tò. Bí mo bá ti èèyàn ṣubú, tí ó wá jẹ́ pé ejò ni mo tì í kúrò lórí rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwọn tó ni ètò náà kọ́kọ́ bínú, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí Délé máa ṣe irú ìjókòó ti Siluko Road ní àwọn ibi iṣẹ́ mìíràn. Owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ohun tó ń wọlé fún yín lọ́dọ̀ rẹ̀ bá dín kù, ẹ fara dà á, èmi yóò fi tèmi kún un. Ó ti gba yàrá kan nítòsí ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa ló máa ń wá jẹun ní ọjọ́ Sátidé. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó máa wá.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Mo wà ní bákọ́ọ̀nì, Délé àti Ìbùkún wà ní ilé ìdáná, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, Délé fà mí sẹ́yìn ilé, ó ní òun ti gba àṣẹ lẹ́nu Ìbùkún kí òun tó sọ ohun tí òun fẹ́ sọ, kí n sì ṣèlérí pé n kò ní pariwo. Ó ní ọmọ kan nínú kíláàsì Ìbùkún máa ń po oògùn ikọ́ mọ́ mínírà wá sí ilé ìwé, ó sì ti fún un mu lẹ́ẹ̀kan. Ó mu ún. Ẹ̀rù bà á, kò sì mọ bí yóò ṣe kọ̀ ọ́ bí wọ́n bá tún gbé e wá.

N kò pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, kó tó kan ìbẹ̀rù ọmọ: kí ló dé tí kò sọ fún mi? Iṣẹ́ mi ni. Mo ti béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ láìlóǹkà. Inú ilé mi ni, ọmọ bíbí mi ni, Délé ló sọ ọ́ fún. Owú ta mí bí ata tó bọ́ sójú.

Nígbà tí mo padà wọlé, àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ní pálọ̀. Délé ń ṣe bí ọmọ kíláàsì náà, ó gbé ìgò omi dání, ó ń rọ̀ ọ́ ní Pijin pé kó kàn tọ́ ọ wò, pé ṣé ọmọ kékeré ni. Ìbùkún kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Délé tún un ṣe, ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, I no want, comot am for my face. Ó ní òun kò fẹ́, kó gbé e kúrò níwájú òun. Ohùn rẹ̀ jọ tiyín nígbà tí ẹ bá ń lé ẹni tó fẹ́ rẹ́ yín jẹ lọ́jà.

Mo ní ṣé mo lè bá wọn ṣe é. Ìbùkún ní rárá, ó ní bí ọ́fíìsì ni n ó ṣe máa bi òun léèrè. Délé na ìgò náà sí mi, ó ní kí n jẹ́ ọ̀rẹ́ tó gbé e wá. Mo gbà á. Mo gbìyànjú láti fi Pijin rọ̀ ọ́. N kò mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, ẹ̀yin náà mọ̀. Ìbùkún wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, Dádì, you no fit convince anybody. Ó ní n kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi títí omi fi jáde lójú wọn, ìyàwó mi náà bá wọn dá sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n n kò gbé ìgò náà sílẹ̀. Mo ní kí a tún un ṣe, a tún un ṣe, títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní alẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní wọ́n tún gbé e wá, òun sì kọ̀. Kò jókòó. Ó sọ ọ́ tán, ó lọ. Délé kò sí nílé. Èmi ló sọ ọ́ fún.

Màámi, ẹ má gbàdúrà pé kí owú kúrò lọ́kàn mi, mo rò pé ó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù. Ẹ gbàdúrà pé kó má máa bá mi di bírò mú nígbà tí mo bá ń kọ̀wé nípa ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. A ń bọ̀ nílé ní Kérésìmesì, gbogbo wa, pẹ̀lú Délé. Mo mọ̀ pé pásítọ̀ yín yóò fẹ́ kó jáde wá jẹ́rìí, mo sì mọ̀ bó ṣe máa ń wù yín tó láti gbọ́ ọ. Ẹ bá a kọ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ kó jókòó tì yín bí ọmọ lásán, kó kọrin, kó jẹ ìrẹsì. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, torí bí èmi bá sọ ọ́, Àǹtí Ìbíyẹmí yóò ní ẹ ti rí i. Bó bá sì wá di dandan pé kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yín gba máìkì, èmi wà níbẹ̀. N kò ní ìtàn tó lè pa ìjọ lẹ́kún. Ṣùgbọ́n mo lè kí wọn dáadáa.

Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn kẹ́ yín, kí ẹsẹ̀ yín má ṣe dùn yín, kí adìyẹ yín máa yé. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí Àǹtí Ìbíyẹmí, ẹ ní n kò bínú sí wọn, wọ́n kàn jẹ́ kí n rí ojú ara mi ni. Ìyàwó mi ń kúnlẹ̀ kí yín. Ìbùkún ní kí n kí Grandma. Délé ní kí ẹ má bẹ̀rù.

Èmi ni,
Múyìíwá, ọmọ yín,
láti Ikpoba Hill, Benin.